Fair value àbí iye tí wọ́n rà á: kí ni n máa fi wọn èyí tó dáa jù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Master's ni mò ń ṣe nínú accounting, tópíìkì tí mo mú ni bóyá fair value (iye tí wọ́n máa rí gbà tí wọ́n bá ta nǹkan lọ́jà lónìí) ń jẹ́ kí ìròyìn owó iléeṣẹ́ dáa ju kí wọ́n kàn máa kọ iye tí wọ́n ra nǹkan lọ. Súpáfáísọ̀ mi dá a padà, ó kàn kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé "Dáa fún ta ni? Kí lo máa fi wọ̀n ọ́n?" Mo ti ka tíọ́rì títí orí ń fọ́ mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sà?

Ìdáhùn: Súpáfáísọ̀ yín ò ṣìkà o, ìbéèrè gidi ló bi yín. Iṣẹ́ méjì lẹ dà pọ̀. Èkíní, ti akáǹtáǹtì ni, iye wo ni kó kọ sára dúkìá. Èkejì ni tiyín tẹ́ẹ fẹ́ ṣèwádìí, kí lẹ máa wò kẹ́ẹ tó lè sọ pé iye tó kọ yẹn wúlò fún ẹnì kan. Tíọ́rì tẹ́ẹ ń kà látàárọ̀, èkíní ló pọ̀ nínú ẹ̀, èkejì sì ni wọ́n ń bi yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ kan. Wọ́n rà á ní 1,000 lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọdún márùn-ún ló máa lò, wọ́n ń yọ 200 lọ́dọọdún, ó ku 600 nínú ìwé. Tuntun irú ẹ̀ ti di 1,500 báyìí, tẹ́ẹ bá yọ ti ọdún méjì tó ti lò kúrò, 900 nìyẹn. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tà á lónìí, 700 ni wọ́n máa rí gbà. Tí wọ́n bá sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ, ó máa mú 400 wọlé lọ́dọọdún fọ́dún mẹ́ta tó kù, tẹ́ẹ bá fi 10% dá a padà sí owó òní, á jẹ́ bíi 995. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo o, nọ́ńbà mẹ́rin, kò sì sí irọ́ nínú ìkankan.

Ibi tí àwọn àgbà nínú accounting ti ń jà nìyẹn. Edwards àti Bell lọ́dún 1961 fara mọ́ iye tí wọ́n máa fi rọ́pò nǹkan, Chambers tó ń kọ́ni ní Sydney ní tiẹ̀ sọ lọ́dún 1966 pé iye tí wọ́n lè tà á lónìí ló yẹ, Ijiri wá ń gbèjà iye tí wọ́n rà á torí pé ìyẹn ní rìsíìtì lẹ́yìn, ẹni tó gbé owó ẹ̀ fún máníjà lè fi bi í léèrè. Kódà IASB, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣòfin fún akáǹtáǹtì, nígbà tí wọ́n tún Conceptual Framework wọn, ìyẹn ìwé ìpìlẹ̀ òfin wọn, ṣe lọ́dún 2018, wọn ò mú ọ̀kan pàtó, wọ́n gba iye tí wọ́n rà á láyè, wọ́n gba iye ìsinsìnyí náà láyè, wọ́n ní ká wo èyí tó máa wúlò fún ẹni tó ń ka ìròyìn. Tíísìsì yín kọ́ ló máa parí ìjà yẹn, ẹ fi sílẹ̀ jàre.

Ó wá ku "fún ta ni". Ẹ mú olùdókòwò, torí détà ẹ̀ ló rọrùn jù láti rí. Láti ìgbà tí àwọn olùwádìí méjì, Ball àti Brown, ti fi hàn lọ́dún 1968 pé owó ṣíà àti èrè tí iléeṣẹ́ kéde jọ ń rìn pọ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n báyẹn, pé tí nọ́ńbà bá wúlò, ó yẹ kó hàn lára owó ṣíà. Èyí tí wọ́n ń lò jù báyìí, mọ́dẹ̀lì Ohlson ti 1995 ló wà nídìí ẹ̀, wọ́n á kó owó ṣíà sápá kan, wọ́n á kó iye dúkìá tó kù lẹ́yìn gbèsè àti èrè sápá kejì, gbogbo ẹ̀ lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, kí iléeṣẹ́ ńlá má bàa gbé kékeré mì.

Ẹ wá gé tópíìkì yẹn kúrú. IFRS 13, òfin IASB lórí fair value, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2013, pín fair value sọ́nà mẹ́ta: Level 1 ni iye ọjà fún ohun kan náà gan-an, Level 2 ni nǹkan míì tójú lè rí lọ́jà, Level 3 sì ni èyí tí iléeṣẹ́ fúnra ẹ̀ fojú bù. Ìbéèrè yín á wá di pé ṣé olùdókòwò gba Level 3 gbọ́ tó bó ṣe gba Level 1 gbọ́? Tó bá gbà á gbọ́ dáadáa, náírà kan nínú ìwé á sún mọ́ náírà kan nínú owó ṣíà, tí ò bá gbà á gbọ́, iye tó máa hàn nínú owó ṣíà á wálẹ̀. Song, Thomas àti Yi ṣe irú ẹ̀ lórí báńkì Amẹ́ríkà, ó jáde lọ́dún 2010, Level 1 àti Level 2 ló wúlò ju Level 3 lọ, àmọ́ níbi tí ìṣàkóso iléeṣẹ́ bá ti dúró dáadáa, Level 3 náà máa ń gbé orí sókè díẹ̀. Ẹ lè ti ibẹ̀ yẹn wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pín fọ́ọ̀mù fún àwọn akáǹtáǹtì pé "ṣé ẹ gbà pé fair value dáa", ìyẹn ń wọn ohun tí wọ́n rò ni, kì í ṣe bóyá nọ́ńbà náà wúlò. Ẹ má sì sọ pé ẹ ti fi hàn pé fair value ló yẹ kí gbogbo ayé máa lò, Holthausen àti Watts ta ko irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an lọ́dún 2001, wọ́n ní kí nọ́ńbà bá owó ṣíà rìn ò tó láti ṣòfin fún akáǹtáǹtì. Barth, Beaver àti Landsman dá wọn lóhùn lọ́dún yẹn náà. Ẹ ka méjèèjì kẹ́ẹ tó kọ chapter two.

Tẹ́ẹ bá ń kó détà, ẹ má mú owó ṣíà ọjọ́ tí ọdún parí, torí ìròyìn ò tíì jáde nígbà yẹn, ẹ mú ti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀. Level 3 náà, inú àlàyé tó wà lẹ́yìn ìròyìn lẹ máa ti fọwọ́ yọ ọ́ jáde, báńkì lẹ ti máa rí i jù.