Ṣé ááyù àti probiotic tó fún adìẹ bùrọ́ílà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Adìẹ bùrọ́ílà ni mo ń sìn, mo sì máa ń da àntíbáyọ́tìkì sínú omi wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí àìsàn má baà wọlé. Ẹnìkan ní kí n máa lo ááyù, atalẹ̀ àti ìyẹ̀fun probiotic dípò rẹ̀. Ṣé wọ́n tó? Ṣé mo lè pa gbogbo rẹ̀ pọ̀?
Olùsìn adìẹ, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ìdáhùn: Ẹ dá àntíbáyọ́tìkì ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn dúró. Bí a bá ń fún adìẹ tí ara rẹ̀ le ní oògùn tí dókítà ẹran kò kọ, ṣe ni àwọn kòkòrò àrùn máa kọ́ bí wọn yóò ṣe fara da oògùn náà, ó sì lè ṣẹ́kù sínú ẹran tí à ń jẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de fífi í sínú oúnjẹ ẹran ọ̀sìn kí ó lè tètè dàgbà.

Probiotic kì í ṣe oògùn. Kòkòrò àìfojúrí tó wà láàyè ni, bíi Lactobacillus àti Bacillus, tí ń gba àyè nínú ìfun adìẹ bí ìyálọ́jà tó tètè dé ìsọ̀, tí kòkòrò àrùn Salmonella kò fi ní ríbi tẹ́ igbá sí. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí òròmọdìẹ bá ti dé. Ṣùgbọ́n ohun abẹ̀mí ni: omi gbígbóná ń pa á, klorín ń pa á, àntíbáyọ́tìkì tí ẹ fẹ́ pa pọ̀ mọ́ ọn náà lè pa á, owó yín á sì ṣòfò. Omi ẹ̀rọ tó bá ń rùn klorín, ẹ jẹ́ kí ó sùn nínú bàsíà tí a kò dé. Bí dókítà bá kọ oògùn fún wọn, ẹ lò ó tán ná, kí probiotic tó tẹ̀ lé e.

Ní ti ááyù àti atalẹ̀, àwọn olùwádìí ti rí i pé wọ́n lè ran adìẹ lọ́wọ́, àmọ́ àbájáde wọn kì í dọ́gba. Ìdajì kílò ìyẹ̀fun wọn sínú 100 kílò oúnjẹ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ sá wọn gbẹ dénú kí ẹ tó lọ̀ wọ́n, pàápàá lásìkò òjò Èkìtì wa yìí, nítorí oúnjẹ tó bá bu lè ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́.

Kò sí èyí tó lè dípò àjẹsára Newcastle àti Gumboro nínú wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ń fún wọn ní Lasota, ìyẹn àjẹsára Newcastle kan, lómi, omi lásán tí kò ní klorín ni kí ẹ fi pò ó. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn, ẹ má wo ti ááyù mọ́, dókítà ẹran ni kí ẹ pè.

Kí ẹ tó ra púpọ̀, ẹ pín adìẹ yín sọ́nà méjì, kí ẹ fún apá kan nìkan ní ìyẹ̀fun náà. Ẹ máa wọn adìẹ àti oúnjẹ tí apá kọ̀ọ̀kan jẹ títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ẹ wá ṣírò bóyá èrè orí rẹ̀ ju owó ìyẹ̀fun náà lọ.