Ọjọ́ Tí Ẹ Máa Ná Owó Náà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mọ̀

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, mo yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa láti fi ra ṣíà báńkì méjì, nítorí pé kò sí ẹni tí kò rà á nínú yàrá àwọn olùkọ́ nígbà náà. Kí ọdún tó yí po, iye rẹ̀ kò tó gbèsè tí mo jẹ mọ́. Owó oṣù mi ni mo fi san gbèsè náà tán, mo sì ká ìwé ẹ̀rí ṣíà náà sínú agolo bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn. Ní báyìí, inú treasury bill, ìyẹn owó tí a yá ìjọba fún ìgbà díẹ̀, ni owó ìfẹ̀yìntì mi wà. Mo ń gbọ́ pé èlé rẹ̀ ti ń wálẹ̀, pé ṣíà ló ń gòkè. Ọmọ mi ní kí n fi gbogbo rẹ̀ ra dọ́là, àbúrò mi ní ṣíà ni. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìfaradà. Ilé iṣẹ́ alágbàtà ṣíà ni mo wà ní ọdún tí ẹ ń sọ yìí. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2008 ni òǹkà ọjà ṣíà wa, nọ́ńbà tó ń fi hàn bí iye gbogbo ṣíà lápapọ̀ ṣe ń gòkè tàbí wálẹ̀, dé góńgó, ó lé ní 66,000. Nígbà tí yóò fi di ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ti wà ní àyíká 20,000. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà le, àwọn alákòóso ọjà pàṣẹ pé iye ṣíà kò gbọdọ̀ já ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́. Wọ́n fẹ́ dá ìpàdánù dúró ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ ra ohun tí gbogbo ayé mọ̀ pé yóò tún wálẹ̀ lọ́la. Mo ṣì ń rí ojú kọ̀ǹpútà wa títí di òní: lápá kan, mílíọ̀nù mílíọ̀nù ṣíà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún títà, lápá kejì, òfìfo. Àwọn àgbàlagbà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wa láti àárọ̀, wọ́n á máa retí kí a wá sọ fún wọn pé ó ti tà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi pé ẹ kò gbọ́n. Ohun tó ṣe yín léṣe jù ni pé owó tó ní ọjọ́ ìdápadà ni ẹ fi ra ohun tí kò ní ọjọ́ kankan. Oṣooṣù ni ẹgbẹ́ yín fẹ́ gba owó wọn, ṣíà kò sì mọ oṣù. Kí ẹ tó bi mí léèrè èyí tó dára jù nínú dọ́là, ṣíà àti treasury bill, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú bíírò àti ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa ná owó náà sílẹ̀. Èyí tí ẹ máa fi jẹun, ra oògùn, tí ẹ ó sì fi tún òrùlé ṣe láàárín ọdún kan kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọjà ṣíà rárá, bó ti wù kí ọjà náà máa dùn tó. Èyí tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ni ẹ lè gbé síbẹ̀.

Ní ti treasury bill tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fọkàn balẹ̀: èlé tí wọ́n bá yín ṣe kò ní yí padà títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Wọ́n máa ń yọ èlé náà ṣáájú ni. Bí ẹ bá fẹ́ gba mílíọ̀nù kan náírà lẹ́yìn ọjọ́ 364, tí wọ́n sì yọ ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 840,000 ni ẹ máa san lónìí. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tún un rà ni èlé tó ń wálẹ̀ yóò kàn yín. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba àwọn oníbàárà mi níyànjú pé kí wọ́n pín in, kí apá kan jẹ́ ọlọ́jọ́ 91, kí apá kan jẹ́ 182, kí ìyókù jẹ́ 364, kí ọjọ́ wọn má baà pé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èlé bá já, díẹ̀ nínú owó yín ló bá. Bí ó bá sì gòkè, ẹ ti ní owó lọ́wọ́ láti fi pàdé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Ní ọdún 2024, èlé treasury bill ọlọ́jọ́ 364 kọjá ìdá 20, àmọ́ àjọ tó ń ṣírò ọ̀wọ́n ọjà fún ìjọba ní ọ̀wọ́n ọjà dé ìdá 34.8 ní oṣù Kejìlá. Ohun tí ẹ fi 10,000 náírà rà ní Kérésìmesì ọdún 2023 ti di nǹkan bí 13,480 ní Kérésìmesì tó tẹ̀ lé e, nígbà tí 10,000 tí ẹ fi pamọ́ sínú treasury bill kò ju 12,000 àti díẹ̀ lọ. Owó náà pọ̀ sí i nínú ìwé, ó dín kù ní Bódìjà. Láàárín ọdún kan náà, òǹkà ọjà ṣíà kúrò ní nǹkan bí 74,800 dé nǹkan bí 102,900, èyí tó ju ọ̀wọ́n ọjà náà lọ díẹ̀. Nítorí náà, àbúrò yín kò purọ́. Owó tí ẹ̀ ń pè ní “gbogbo rẹ̀” ni mo ń bẹ̀rù. Báńkì mẹ́ta ni ìjọba gbà lọ́dún 2011 tí àwọn tó ní ṣíà níbẹ̀ kò sì rí kọ́bọ̀ gbà, nítorí náà, bí ẹ bá máa rà á, kí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi, kí ẹ má sì yá owó rà á mọ́ láé.

Ọmọ yín náà ní ìdí tirẹ̀. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 470 náírà lọ ní báńkì. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Àmọ́ àwọn tó sáré rà á ní oṣù Kejì yẹn rí i tó wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,150 ní oṣù Kẹrin, àwọn tí wọ́n sì fẹ́ fi san owó ilé ló fi ìpàdánù ṣẹ́ ẹ. Bí ìnáwó yín kan bá wà ní dọ́là, bí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ-ọmọ lókè òkun, ẹ ra ìwọ̀n rẹ̀. Bí náírà ni ẹ máa ná, ohun díẹ̀ ni kí ó jẹ́.

Lónìí, ẹ bá mi fa agolo bisikíìtì yẹn jáde. Ó ṣeé ṣe kí báńkì tó wà lórí ìwé náà ti dara pọ̀ mọ́ òmíràn, tí orúkọ rẹ̀ sì ti yí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé ṣíà yín ti kú. Ẹ mú ìwé náà lọ bá alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ, yóò bá yín wá ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú orúkọ àwọn olóhun ṣíà náà, yóò sì bá yín gbé e kúrò nínú bébà wọ inú àkáǹtì CSCS, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ṣíà sí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù e-dividend náà, kí èrè máa wọ báńkì yín tààrà. Ẹ tún béèrè èrè tí ẹ kò tíì gbà láti ìgbà náà wá.

ÌBÉÈRÈ: Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo. Wọ́n fi mí sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan tó ń fúnni ní èlé ìdá 30 lóṣù, ọ̀rẹ́ mi sì ti gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kí n wọlé?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ má wọlé. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdá 30 lóṣù, tí èlé bá ń gun èlé, yóò sọ 100,000 náírà di mílíọ̀nù méjì àti 330,000 láàárín ọdún kan. Kò sí òwò tó ń mú irú èyí wá. Owó ẹni tó wọlé lẹ́yìn ni wọ́n ń fún ọ̀rẹ́ yín. Sogúndogójì ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí àwọn èèyàn ń múra Kérésìmesì, ni MMM, irú ètò yìí kan, ti ilẹ̀kùn mọ́ owó wọn. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2025 ti sọ sogúndogójì di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ẹlòmíràn kò lè dá owó ẹ̀rọ ìránṣọ yín padà. Ẹ yẹ orúkọ wọn wò lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ sì sọ fún ọ̀rẹ́ yín kí ó yọ èyí tó kù.

ÌBÉÈRÈ: Mo lè ya 20,000 náírà sọ́tọ̀ lóṣù. Ṣé kí n dúró kí ọjà ṣíà wálẹ̀ ná?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dúró. N kò tíì rí ẹni tó mọ ọjọ́ tí ọjà máa wálẹ̀, èmi náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣe é bí ẹni ń dá àjọ: ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, kí owó náà lọ. Bí ṣíà bá wọ́n, díẹ̀ ni owó yín máa rà. Bí ó bá rọ̀, púpọ̀ ni. Bí ọkàn yín kò bá gbé e, bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà, ìyẹn owó tí ẹ yá ìjọba tí wọ́n ń san èlé lé lórí, 5,000 náírà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ọlọ́dún méjì tàbí mẹ́ta, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èlé rẹ̀ sì ń wọlé.