Báwo ni a ṣe ń yọ dísíìkì kan kúrò nínú volume group LVM lórí Linux?

LVM ni ètò Linux tó ń so àyè dísíìkì púpọ̀ pọ̀; àkójọ dísíìkì tí a so pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni volume group. Àṣẹ mẹ́ta la ó tẹ̀ tẹ̀léra wọn: pvmove, vgreduce àti pvremove. Bí dísíìkì náà bá ń jẹ́ /dev/sdb1, tí volume group sì ń jẹ́ vg_data, «pvmove /dev/sdb1» yóò kó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ lọ sórí àwọn dísíìkì yòókù, láìjẹ́ pé a dá iṣẹ́ ẹ̀rọ dúró. «vgreduce vg_data /dev/sdb1» yóò yọ ọ́ kúrò nínú volume group náà. «pvremove /dev/sdb1» yóò sì pa àmì LVM ara rẹ̀ rẹ́.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a fi àṣẹ pvs wò ó, lábẹ́ òpó PFree, bóyá àyè tó ṣófo lórí àwọn yòókù gba ẹrù náà. Pvmove lè pẹ́ gan-an. Bí iná bá lọ lójú iṣẹ́, pvmove nìkan, láìfi orúkọ dísíìkì kún un, ni a ó tún tẹ̀ kó lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Bí dísíìkì náà bá ti kú, pvmove kò wúlò mọ́. «vgreduce --removemissing vg_data» ni a ó lò. Kí a ṣọ́ra fún --force níbẹ̀, torí pé yóò pa logical volume (ìpín àyè tí a gé láti inú volume group) tó ní apá kan lórí dísíìkì náà rẹ́ pátápátá.