Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyàwó mi: báwo ni n óò ṣe máa tọ́jú rẹ̀ nílé?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ọ̀fà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kataráàtì sí ojú ọ̀tún ìyàwó mi ní Ìlọrin. Dókítà ṣí ojú náà ní ọjọ́ kejì, ó ní ó dára, a sì padà sílé pẹ̀lú ìgò òògùn 2 àti ike tí yóò máa fi bo ojú sùn. Àwa méjèèjì nìkan la wà nílé, nítorí náà èmi ni mò ń kán òògùn náà sí i lójú, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n, ẹ̀rù sì ń bà mí pé n kò ṣe é bó ti yẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti mú tìróò wá, ó ní òun ni yóò jẹ́ kí ojú náà tutù. Ẹlòmíràn ní kí á kán omi ọmú abiyamọ sí i. Mùsùlùmí ni wá, ó sì ń béèrè bí òun yóò ṣe máa ṣe àlùwàlá àti bí òun yóò ṣe máa forí kanlẹ̀. Àkàrà ló ń dín tà, ó fẹ́ mọ ìgbà tí òun yóò padà sídìí agbada. Ṣé ó sì yẹ kí á jọ máa sun orí ibùsùn kan náà?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀fà

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú, bàbá. Ẹ bá mi kí màmá pé wọ́n kú ewu. Iṣẹ́ abẹ kataráàtì kì í sábà ju ìdajì wákàtí lọ ní tíátà, ṣùgbọ́n ó máa ń ku bí ọ̀sẹ̀ 4 tí ará ilé yóò fi bá dókítà parí rẹ̀, inú mi sì dùn pé ẹ fi ọwọ́ ara yín gba iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe sí ojú náà, nítorí pé tí ó bá ti yé yín, ẹ ó lè dá ọ̀pọ̀ ìbéèrè yòókù dáhùn fúnra yín. Awò kékeré kan wà lẹ́yìn ọmọlójú olúkúlùkù wa, tó mọ́ gaara. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, awò yìí a máa di funfun, ìyẹn ni à ń pè ní kataráàtì. Dókítà la ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú díẹ̀, ó yọ awò tó ti funfun náà, ó sì fi tuntun tí a fi ike ṣe sí ipò rẹ̀. Ojú abẹ náà kì í sábà gùn ju mílímítà 7 lọ, lọ́pọ̀ ìgbà ni wọn kì í sì í rán an, nítorí pé wọ́n là á lọ́nà tó fi jẹ́ pé omi inú ẹyinjú fúnra rẹ̀ ni yóò máa tì í pa láti inú wá. Ó dà bí ilẹ̀kùn tí a fi ẹ̀yìn tì, tí a kò tíì fi kọ́kọ́rọ́ sí: bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó lè ṣí, bí ìdọ̀tí bá sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó lè wọlé. Ìdí méjì yìí ni gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún yín fi wáyé, pé kí ohunkóhun má tẹ ojú náà, kí kòkòrò àrùn má sì ráàyè wọ inú rẹ̀ títí ara yóò fi jinná.

Ọ̀rọ̀ òògùn kíkán ló jẹ mí lógún jù. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò ní kí ẹ má ṣe é dáadáa. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ ní kí màmá dùbúlẹ̀ gbalaja, kí wọ́n fi orí lé ìrọ̀rí, kí wọ́n máa wo òkè àjà. Ẹ wá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ tí ẹ fi di ìgò mú lé iwájú orí wọn, nítorí ọwọ́ tó bá ti rí ibi tẹ̀dó sí kì í gbọ̀n púpọ̀ mọ́. Ẹ fi ìka ọwọ́ kejì rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ibẹ̀ yóò ṣe kòtò bí àpò kékeré. Inú àpò yẹn ni kí ẹ kán ẹ̀kán kan sí, kì í ṣe orí dúdú ojú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu ìgò kan ìpéǹpéjú tàbí irun rẹ̀, nítorí ohun tó bá kan ẹnu ìgò yóò bá òògùn wọ ojú nígbà mìíràn. Kí wọ́n pa ojú dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń tòògbé, kí wọ́n má fi agbára dì í, kí ẹ sì fi ìka tó mọ́ rọra tẹ igun imú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú náà fún bí ìṣẹ́jú 1 kí òògùn má baà ṣàn lọ sí ọ̀fun. Bí ẹ̀kán náà bá ṣìnà lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ kán òmíràn. Kò sí ewu níbẹ̀.

Ìgò kejì ńkọ́? Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó kán an, nítorí pé ojú kò lè gba ju ẹ̀kán kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá kán méjèèjì tẹ̀lé ara, èkejì yóò fọ èkíní dànù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá funfun bí omi wàrà, ẹ gbọn ìgò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó lò ó, torí pé òògùn máa ń sùn sí ìsàlẹ̀, ẹni tí kò bá gbọ̀n ọ́n yóò kàn máa kán omi lásán ni. Bí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yín bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ẹ so ó mọ́ ìrun: lẹ́yìn Àsùbáà, lẹ́yìn Àyìlà, lẹ́yìn Màgàríbà àti nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Mo ti rí i pé ẹni tó so òògùn mọ́ ìrun kì í gbàgbé. Ẹ má dá òògùn dúró nítorí pé ojú ti mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi owó ara yín ra òmíràn kún un ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì nígbà tí dókítà bá ní ó tó, nítorí pé èyí tó ń pa wíwú nínú wọn, bí a bá lò ó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, lè mú kí agbára omi inú ojú ga, kí ó sì ba ojú náà jẹ́ láìdún.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n màmá, ìfẹ́ ló mú un wá, ṣùgbọ́n kí ó gbé tìróò rẹ̀ padà sílé. Òjé sábà máa ń wà nínú tìróò tí wọ́n ń tà lọ́jà, igi tí a fi ń lé e sì ti kan ojú ẹlòmíràn kí ó tó kan tiwọn. Omi ọmú, omi ṣúgà, oyin, ìtọ̀ àti àgbo kò gbọ́dọ̀ dé ojú tí ojú abẹ rẹ̀ kò tíì jinná, bó ti wù kí ẹni tó mú un wá ti fẹ́ràn wa tó, nítorí kòkòrò tí kò lè pa ọmọ ọwọ́ lára lè fọ́ ojú yìí láàárín ọjọ́ méjì. Mo mọ ohun tó ń ba àwọn ẹbí lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ wọn ti rí àgbàlagbà tí àwọn tó ń kiri fi abẹ́rẹ́ ti awò ojú rẹ̀ ṣubú sínú ẹyinjú, tó ríran fún ọjọ́ díẹ̀, tó sì fọ́jú lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ìfọ́jú káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, ojú tó ju 4 lọ nínú 10 tí wọ́n ti tọ́jú kataráàtì rẹ̀ ló jẹ́ pé abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe fún màmá yàtọ̀ pátápátá.

Lórí ọ̀rọ̀ ìrun, nọ́ọ̀sì ni mí, n kì í ṣe àáfà, nítorí náà ìdí ìlera nìkan ni mo lè sọ, kí ẹ bi Lèmọ́ọ̀mù yín léèrè nípa ìyókù. Fún ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 àkọ́kọ́, omi kò gbọ́dọ̀ ta sínú ojú náà, ó sì sàn kí orí má lọ sísàlẹ̀ ju ìbàdí lọ. Kí màmá máa jókòó lórí àga kírun, kí wọ́n máa tẹrí ba níwọ̀nba; ẹ̀sìn fi ààyè sílẹ̀ fún aláìsàn, kò sì sí ìdí tí ọkàn wọn yóò fi dààmú. Nínú àlùwàlá, wọ́n lè fi aṣọ tútù tó mọ́ nu ibi tó kù lójú láìkan ojú náà. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í rò ni pé, bí wọ́n bá gbà wọ́n níyànjú láti ṣe tàyámámù, ìyẹn àlùwàlá tí a fi erùpẹ̀ ṣe dípò omi, eruku ọwọ́ náà kò gbọ́dọ̀ dé ojú abẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀, kí ó jẹ́ láti ọrùn wálẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ orí, kí wọ́n dá orí sẹ́yìn, kí ẹlòmíràn bá wọn fọ̀ ọ́. Ipin tó bá lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú ní àárọ̀, ẹ fi òwú tuntun àti omi tí ẹ ti sè tó ti tutù nù ún láti igun imú síta.

Ẹ lè jọ máa sun orí ibùsùn kan náà. Kí wọ́n máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn tàbí kí wọ́n sùn ní ẹ̀yìn, kí ike náà sì wà lójú wọn ní gbogbo òru fún iye ọjọ́ tí dókítà sọ, nítorí pé ojú oorun ni ọwọ́ ti ń lọ ra ojú tó ń yún láìmọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìbálòpọ̀ ni ìbéèrè yín ń tọ́ka sí, ẹ ní sùúrù títí dókítà yóò fi tún yẹ ojú wò ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Lẹ́yìn náà, kò sí ìdíwọ́.

Ohun tí ẹ kò béèrè, tí mo sì gbọ́dọ̀ sọ, ni ọ̀rọ̀ ìṣubú. Ojú òsì wọn kò ríran bí ojú ọ̀tún mọ́, nítorí náà wọ́n lè ṣi àtẹ̀gùn tẹ̀. Ẹ gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì àti àpótí kúrò lójú ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, nítorí iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Kí wọ́n má gbé ohun tó wúwo, kí ìgbẹ́ má sì le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n yóò fi máa fi agbára yà á: omi púpọ̀, ẹ̀fọ́ àti èso yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò sí oúnjẹ kankan tó jẹ́ èèwọ̀ fún wọn. Wọ́n lè máa wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì lè máa kàwé. Bí wọ́n bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n máa lo òògùn wọn lọ.

Ìdí agbada ni wọn kò gbọ́dọ̀ yára padà sí. Èéfín, àlùbọ́sà àti epo gbígbóná tó ń ta gbogbo ara kò dára fún ojú tuntun. Kí wọ́n dúró tó ọ̀sẹ̀ 4, kí dókítà sì fọwọ́ sí i. Ní báyìí ná, wọ́n lè jókòó síbi tí atẹ́gùn wà kí wọ́n máa gba owó, kí ẹlòmíràn máa dín in. Ẹ̀yin ni yóò dáná nílé, bàbá.

Yíyún díẹ̀, pípọ́n díẹ̀, kí ojú máa ṣe bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ sì máa gún un, kò burú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì yẹ kí wọ́n máa dínkù lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá ń pọ̀ sí i, bí ojú tó ti mọ́lẹ̀ bá tún ń ṣókùnkùn, bí ọyún bá ń jáde, bí orí bá ń fọ́ wọn tí wọ́n sì ń bì, tàbí bí wọ́n bá ń rí ìmọ́lẹ̀ bíi mànàmáná tàbí òjìji bí aṣọ ìkélé, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ wọ ọkọ̀ gba Àjàṣẹ́-Ìpo wá sí Ìlọrin lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Àìkú, nítorí ọjọ́ kan péré ló máa ń wà láàárín ojú tí a lè gbà là àti èyí tí a kò lè ṣe nǹkan kan sí mọ́.

Ẹ má tíì ra gíláàsì títí di ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, nígbà tí ìríran bá ti dúró sójú kan. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ mú ìgò méjèèjì dání, kí a lè wo iye òògùn tó kù nínú wọn.