Ẹsẹ̀ Kọ́ Ni Bíréèkì: Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Speedway Ṣiṣẹ́ Ṣe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ọmọ ọdún 19 ni mí, mo sì mọ alùpùpù gùn dáadáa. Mo fẹ́ fi speedway, eré ìje alùpùpù lórí pápá yẹ̀pẹ̀, ṣiṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní alùpùpù wọn kò ní bíréèkì, pé ẹsẹ̀ òsì tí wọ́n wọ irin sí ni wọ́n fi ń dá a dúró. Mo ti tú bíréèkì tèmi, mo sì ń fi bàtà onírin dánra wò. Ẹ jọ̀ọ́, irú ẹ́ńjìnnì wo ni kí n rà tí mo fi lè tètè máa rí owó?

Ìdáhùn: Dá bíréèkì yẹn padà sí i lónìí, kí o tó ka ìyókù. Àwọn tó ń béèrè irú èyí ti pọ̀ jù, ó sì hàn pé àwọn kan ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n ń kọ́ wọn láti máa fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Nínú speedway, kò sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ dá alùpùpù dúró.

Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ kò ju ìdajì lọ. Alùpùpù speedway kò ní bíréèkì lóòótọ́. Gíà kan ṣoṣo ló ní. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 500cc onísílíńdà kan, mẹ́táńọ́ọ̀lù ló sì ń lò dípò pẹtiróòlù. Òfin FIM, àjọ tó ń darí eré alùpùpù lágbàáyé, sọ pé kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju kílò 77 lọ. Àwọn mẹ́rin ló ń díje lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yí pápá yẹ̀pẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹrin, ìje náà á sì parí láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Wá ro ó wò: ẹrù tó lé ní kílò 140, ìwọ àti alùpùpù pa pọ̀, tó ń sáré bíi 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan, ọrùn ẹsẹ̀ ta ni yóò dá a dúró?

Kí wá ni irin yẹn wà fún? Yí bàtà náà padà kí o wo abẹ́ rẹ̀: ó dán. Bí ó bá jẹ́ bíréèkì ni, wọn ì bá ṣe é ní ṣákaṣàka kí ó lè di ilẹ̀ mú. Wọ́n ṣe é kí ẹsẹ̀ lè máa yọ̀ lórí yẹ̀pẹ̀ láìwọ inú kòtò. Ẹsẹ̀ òsì kàn ń fọwọ́ kan ilẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ni, kí agun-alùpùpù lè mọ bí òun ti tẹ̀ tó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó wà lórí ìtẹ̀sẹ̀, ló gbé ara rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ara lé ẹsẹ̀ òsì, ọjọ́ tí irin bá há sínú ipa táyà kan báyìí, orúnkún rẹ̀ á yí padà, iṣan inú rẹ̀ á sì já. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ kì í fi ọ̀sẹ̀ méjì san.

Ohun tó ń dín eré alùpùpù náà kù ni fífi ẹ̀gbẹ́ yọ̀. Òsì ni gbogbo kọ́nà speedway ń yà sí. Bí agun-alùpùpù bá dé ẹnu kọ́nà, á dín iná (agbára tó ń fún ẹ́ńjìnnì) kù díẹ̀, á tẹ alùpùpù sí òsì, lẹ́yìn náà á tún fún un níná kí táyà ẹ̀yìn má lè di ilẹ̀ mú mọ́, kí ó sì yọ̀ síta sápá ọ̀tún. Ní àsìkò yẹn, ọ̀tún ni táyà iwájú kọjú sí, bẹ́ẹ̀ òsì ni alùpùpù ń lọ. Táyà ẹ̀yìn tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ha ilẹ̀ ló ń jẹ́ kí eré náà dínkù, iná tí a ń fún un ló sì ń mú kí ó máa yọ̀ lọ. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún tí a fi ń fúnná ni a fi ń yà, hándù nìkan kò tó.

Ibi tí àwọn tó mọ alùpùpù ojú títì gùn ti ń ṣèṣe jù nìyí. Lójú títì, bí ẹ̀rù bá bà ọ́, wàá pa iná. Bí o bá pa iná lójijì láàárín kọ́nà speedway, táyà tó ti ń yọ̀ á ṣàdédé di ilẹ̀ mú, alùpùpù á nàró, á jù ọ́ sókè gba apá ọ̀tún, tàbí kí ó gbé ọ tààrà lọ bá odi. Bí iná bá wá pọ̀ jù, ẹ̀yìn á yí po, wàá ṣubú sí òsì. Ìyẹn ṣì sàn díẹ̀, nítorí ilẹ̀ sún mọ́ ọ níbẹ̀, àfi bí ẹlòmíràn bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Ẹ̀kẹta ni ibi tí yẹ̀pẹ̀ ti jìn tó sì tutù: táyà ẹ̀yìn á gbá ilẹ̀ mú, táyà iwájú á gbé sókè, ẹni tí kò tíì gbọ́n á sì di hándù mú gírígírí pẹ̀lú iná ní kíkún. Ara ni kí o gbé síwájú, kí o dín iná díẹ̀díẹ̀, má pa á. Bí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, tẹ́ alùpùpù sílẹ̀ sápá òsì kí ó tó dé odi. Okùn kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí o bá já bọ́. Má gùn láìso ó, kódà fún ìdánrawò.

Ọ̀pọ̀ pápá ńlá ti gbé odi onífẹ́ẹ́fẹ́ sí kọ́nà báyìí, ó sì ń gbẹ̀mí là, ṣùgbọ́n eré yìí ṣì léwu. Darcy Ward, ọmọ Ọsirélíà tí gbogbo ayé ń retí pé yóò gba ife àgbáyé, ìjàǹbá kan ní Zielona Góra ní Pólàǹdì lọ́dún 2015 ló fòpin sí iṣẹ́ rẹ̀. Kò lè fi ẹsẹ̀ rìn mọ́.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, má tíì ra ohunkóhun. GM ti Ítálì ni ọ̀pọ̀ ń lò, Jawa ti Czech náà wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń tún un ṣe ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì méjì tí orúkọ wọn jọra máa sáré yàtọ̀ síra. Lọ sí ilé ẹ̀kọ́ speedway tó ń yá ènìyàn ní alùpùpù. Bí wọ́n bá mọṣẹ́, àyíká kékeré ni wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ́ sí, wàá máa yí nǹkan méjì tí wọ́n gbé kalẹ̀ po, ní eré tí kò pọ̀, títí táyà ẹ̀yìn á fi máa yọ̀ bí o ṣe fẹ́. Ẹni tó bá gbé ọ sórí 500cc ní wákàtí àkọ́kọ́, gba owó rẹ padà.

Má sì da mẹ́táńọ́ọ̀lù sínú alùpùpù pẹtiróòlù. Ó ń fẹ́ kí epo tó ju ìlọ́po méjì ti pẹtiróòlù lọ máa jáde láti inú kábúrétọ̀. Bí ihò tí epo ń gbà níbẹ̀ bá kéré, ooru á lu písítìnì. Májèlé ni mẹ́táńọ́ọ̀lù, ó ń fọ́ ènìyàn lójú, nítorí náà má fi ẹnu fà á, wọ ìbọ̀wọ́. Bí ó bá gbiná, o lè má rí iná rẹ̀ lójú ọ̀sán. Bí ìdánrawò bá parí, pẹtiróòlù díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣan kábúrétọ̀, nítorí ó máa ń fa omi, á sì jẹ irin inú rẹ̀.

Owó kì í yára wọlé. Ẹni tó ṣe ipò kìíní gba àmì 3, èkejì 2, ẹ̀kẹta 1, ẹ̀kẹrin 0, iye àmì tí o bá kó ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń sanwó fún. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá ra alùpùpù (méjì ó kéré tán), táyà, àtúnṣe ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ tó ń kó wọn, owó mẹkáníìkì sì tún wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀jáfáfá fi ń gun fún ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ní sáà kan, ní Pólàǹdì, Swídìnì, Dẹ́ńmáàkì tàbí Bìrìtéènì. Ní Pólàǹdì, ibi tí owó ti pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń gun alùpùpù kékeré láti ìgbà èwe, ọdún 21 sì ni ipò ọ̀dọ́ ti ń parí. Ọdún 19 rẹ ti pẹ́ díẹ̀. N kò ní kí o má ṣe é, ṣùgbọ́n má fi iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ sílẹ̀.

Láìsí láísẹ́ǹsì àjọ orílẹ̀-èdè rẹ àti àyẹ̀wò dókítà, o kò lè díje. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì gbé ìwé àdéhùn wá, wo ibi tí wọ́n kọ ẹni tó máa sanwó ilé ìwòsàn sí, àti bóyá wọ́n á máa san nǹkan fún ọ ní oṣù tí o kò bá lè gùn. Bí kò bá sí níbẹ̀, gbé e fún agbẹjọ́rò, má fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.