Ṣé èèyàn lè kẹ́kọ̀ọ́ báyọ́lọ́jì ní yunifásítì ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, kó sì ṣe ìwádìí kó tó gboyè?

Bẹ́ẹ̀ ni, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Lọ́kọ́já, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ń kọ́ni ní báyọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Ọdún 4 ni fún ẹni tó bá gba ìdánwò JAMB wọlé. Ẹni tó bá gba Direct Entry, ìyẹn ẹni tó ti ní ìwé-ẹ̀rí bíi NCE tàbí A-level, sábà máa ń lo ọdún 3. Ní ọdún tó kẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀ lábẹ́ olùkọ́ kan. Àyíká náà sì bá ìwádìí mu gan-an: Lọ́kọ́já ni odò Ọya àti Benue ti pàdé, fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ nípa ẹja. Oko iṣu àti kajú àwọn Yorùbá Ọ̀kun, láti Kàbà dé Ìsánlú, wà fún ẹni tí ewéko tàbí kòkòrò wù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè bá olùkọ́ sọ ohun tó fẹ́ wádìí.