Ọ̀kadà gbá ológbò mi, dókítà ní ó ṣeé ṣe káwọn gé ẹsẹ̀ ẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Lánàá ni ọ̀kadà gbá ológbò mi, Músù, lẹ́nu géètì wa n'Ìbàdàn níbí. Mo gbé e lọ bá dókítà ẹranko, wọ́n ya x-ray, wọ́n ní egungun ìbàdí ẹ̀ ti là, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tòsì sì fọ́ yángá, ó ṣeé ṣe káwọn gé e. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kí n gbé e wá padà lọ́jọ́ márùn-ún òní. Àtìgbà yẹn kò jẹun, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń wọ́ lọ. Ìyá ọkọ mi ní kí n pe teguntegun, kí n sì po párásítámọ́ọ̀lù mọ́ mílíìkì fún un. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan ṣùgbọ́n mo rójú ẹ̀ nígbà tó gbọ́ iye tá a ná. Àwọn ará àdúgbò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní nítorí ológbò lásán. Mi ò rí oorun sùn, ẹ gbà mí.
Ìyá Músù, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi. Mo ti tètè fi ìdáhùn yìí ránṣẹ́ sí ẹ lórí fóònù nítorí párásítámọ́ọ̀lù yẹn, àwọn òǹkàwé tó kù ni mò ń tẹ̀ ẹ́ jáde fún báyìí. Má fún un o! Ì báà ṣe ìdajì, ì báà ṣe olómi tọmọ ọwọ́. Ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè palẹ̀ oògùn yẹn mọ́ bíi tèèyàn, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló máa bàjẹ́ tí ò ní lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara mọ́, wàá rí i tí èrìgì ẹ̀ á ṣú bí àwọ̀ ṣokoléètì, tí ojú ẹ̀ á wú, hóró kan péré lè pa á. Ibuprofen náà, má dán an wò. Màmá ò ní ibi lọ́kàn, ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún ọmọọmọ wọn ni wọ́n rò pé á ṣiṣẹ́ fún Músù.

Izal ńkọ́? Mo mọ̀ pé tí ológbò bá ti tọ̀ sílẹ̀, òun la máa ń sáré mú. Ó máa tẹ̀ ẹ́, ó máa fahọ́n lá ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ti gbé májèlé mì nìyẹn. Dettol náà ò dáa fún un. Ọṣẹ àti omi ti tó.

Oúnjẹ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Èèyàn lè febi sùn kó má ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí ológbò ò bá jẹun fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọ̀rá ara ẹ̀ máa ya lọ sínú ẹ̀dọ̀, pàápàá tó bá sanra tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì lè pa á lẹ́yìn tí egungun ti ń jinná. Se ẹja tútù, láìsí ata, láìsí iyọ̀, láìsí alùbọ́sà rárá, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó lè ta sánsán, fi díẹ̀ sórí ìka ẹ kó o gbé e sí i nímú. Má dá a dùbúlẹ̀ gbalaja kó o wá máa rọ ọ́ sí i lẹ́nu o, ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ. Tílẹ̀ bá mọ́ lọ́la tí ò tíì tọ́ nǹkan wò, má dúró de ọjọ́ márùn-ún wọn, wọ́n lè ki rọ́bà gba imú ẹ̀ fi bọ́ ọ.

Egungun ìbàdí tó là, ìsinmi ni oògùn ẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láìfò. Wá páálí ńlá tàbí kéèjì ajá, fi ìró bo ìdajì ẹ̀, torí ibi òkùnkùn ló ń wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ya bébà wẹ́wẹ́ síbi tó máa tọ̀ sí dípò yanrìn. Máa ṣọ́ ìtọ̀ ẹ̀! Tó bá pé wákàtí 24 tí ò tọ̀, tàbí tó ń la ẹnu mí hẹlẹhẹlẹ, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Tí ìrora bá sì mú kó gé ẹ jẹ, fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó o wá lọ rí dókítà tèèyàn nítorí dìgbòlugi.

Teguntegun, mi ò kẹ́gàn wọn, àwọn ló to apá bàbá mi. Ṣùgbọ́n Músù ò lè sọ pé ibẹ̀ le jù, kó o tó mọ̀ ẹsẹ̀ ti kú sínú ọ̀já.

Ní ti gígé, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ológbò tèmi fi lo ọdún mẹ́jọ, ó sì ń pa eku. Ohun tó o máa bi dókítà ni pé: ṣé ẹsẹ̀ kejì lè gbé e? Ṣé ó ń mọ̀ ọ́n lára tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ nírù? Ṣé á lè máa dá tọ̀? Tí wọ́n bá ní rárá sí gbogbo ẹ̀, tí wọ́n wá ní abẹ́rẹ́ tá á fi sùn lọ ló kù, ìwọ kọ́ lo pa á o. Ní kí wọ́n kọ gbogbo owó tó kù sórí ìwé kó o tó gbà, kó o fi han ọkọ ẹ, kó yéé fojú ṣírò. Tó o bá sì fẹ́ kí ẹlòmíì tún un wò, ọsibítù ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn níbẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò? Ìgbà tí eku bá wọ gàrí wọn wọ́n á béèrè Músù.

Gbé páálí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ lálẹ́, wàá máa gbọ́ mímí ẹ̀ láìdìde, oorun á wá. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ mi bínú títí, àfi lálẹ́ ọjọ́ kan tí òun gan-an wá ń jí mi: “Dìde, dìde, ó ti tọ̀!”